Ọmọ ń kún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa l'Álímọ̀ṣọ́: báwo la ṣe máa múra de àwọn tó ń bọ̀?

Alága Àyọ̀bọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan láàárín Àyọ̀bọ̀ sí Ìpájá. Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ ilé-ìwé náà sílẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó, àwọn òbí tí kò lágbára owó ilé-ìwé aládàáni mọ́ ń mú ọmọ wọn wá bá wa. Ilé tuntun náà ò dáwọ́ dúró ládùúgbò yìí. Ayálégbé tó bá kó dé, tọmọtọmọ ló ń kó dé. Ní báyìí, ọmọ mẹ́rin ló ń fún ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì ọmọ méjì ní kíláàsì kìíní, àwọn kan ní kíláàsì kẹta sì ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

A fẹ́ ṣèpàdé pẹ̀lú HM, ìyẹn ọ̀gá ilé-ìwé, àti SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé, lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn òbí kan ní ká pín ilé-ìwé sí àárọ̀ àti ọ̀sán. Àwọn kan ní ká ti géètì, ká má gba ọmọ mọ́. Kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn nínú méjèèjì. Àmọ́ mi ò fẹ́ dé ìpàdé kí n kàn máa pariwo pé ibẹ̀ ti kún. Iye ọmọ tó ń bọ̀ láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀, àti ohun tí iye yẹn máa gbà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ Mushin

Alága, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba nìyí, kì í ṣe iṣẹ́ òbí. Ẹ kọ lẹ́tà sí SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, kí wọ́n wá kọ́ kíláàsì. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè wá sí, kí wọ́n wá àyè fún wa.

Tíṣà Àgbà

Ọmọ Mushin, òótọ́ lo sọ, iṣẹ́ ìjọba ni. Àmọ́ lẹ́tà tí kò ní ìṣirò nínú, inú fáìlì ló ń sùn sí. Mo ṣe hẹ́ẹ̀dìmásítà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìntì, mo ti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́. 1952 ni Stephen Awókọ̀yà, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Oṣù kìíní 1955 ni ètò náà tó gbéra. Iṣẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣe láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni pé wọ́n kọ́ ilé-ìwé, wọ́n sì dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ tíṣà sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ọmọ tó tú jáde ju iye tí wọ́n fojú díwọ̀n lọ. Nǹkan bí 457,000 ni wọ́n ní 1954. Ní 1955, wọ́n ti lé ní 811,000. Ọ̀pọ̀ ẹni tó dúró níwájú wọn ni kò tíì kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Tí ẹni tó fi ohun tó lé ní ọdún méjì múra bá lè rí irú èrò bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò múra rárá ńkọ́?

L'Ékòó níbí, nígbà tí Alhaji Lateef Jákàńdè gorí àlééfà ní 1979, àárọ̀ àti ọ̀sán ni àwọn ọmọ ń lọ. 1980 ló fòpin sí i. Àwọn kíláàsì gbọọrọ tó kọ́, ilé adìyẹ ni àwọn alátakò rẹ̀ ń pè é. Ṣùgbọ́n ọmọ rí ibi jókòó, gbogbo wọn sì ń lọ sílé-ìwé láàárọ̀. Èmi tí mo rí ìgbà méjèèjì kò ní fọwọ́ sí i pé ká padà sí ọ̀sán, àfi tí a bá ti wá gbogbo ọ̀nà yòókù tì.

Alága, ẹ dá mi lóhùn kan: ilé-ìwé mélòó ló wà nínú ọgbà tí ẹ wà?

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, bàbá. Ọ̀rọ̀ ọ̀sán yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọjà ni mò ń tà, ilẹ̀ kì í mọ́ bá mi nílé. Tí wọ́n bá fi Táíwò sí àárọ̀ tí wọ́n fi Kẹ́hìndé sí ọ̀sán, ta ló máa wà pẹ̀lú Kẹ́hìndé títí aago tó máa lọ fi máa lù? Ta ló máa lọ mú un nígbà tó bá ń bọ̀? Ẹ mọ bí dáńfó àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ṣe ń sáré lójú ọ̀nà Ìpájá nírọ̀lẹ́. Nígbà òjò, ilẹ̀ á ti ń ṣú kí wọ́n tó jáde. Ọmọ ọdún méje la ń sọ o. Ẹni tó bá ní ká ṣe ọ̀sán, kó kọ́kọ́ sọ bí ọmọ ṣe máa délé.

Olùkọ́ Kíláàsì Kejì

Màmá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi, mo gbọ́ yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nínú kíláàsì. Agége ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ní kí ọmọ 35 wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kan. Tí wọ́n bá ti di ìlọ́po méjì iye yẹn, mi ò lè rìn láàárín àga mọ́. Mi ò lè gbọ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kàwé sí mi létí. Àwọn tó wà níwájú nìkan ni mò ń kọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn kàn ń wá sílé-ìwé ni. Wọ́n á dé kíláàsì kẹrin láìlè ka gbólóhùn kan, gbogbo ènìyàn á sì máa bi tíṣà pé kí ló ṣe.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní tó bá jẹ́ ọdún kan péré, bí wọ́n ti ń kọ́lé lọ́wọ́, ọ̀sán sàn ju kí ọmọ 70 wà níwájú ẹnì kan. Àmọ́ kí wọ́n gbé olùkọ́ ọ̀sán wá o. Kí wọ́n má ní kí èmi kan náà ṣe àárọ̀ kí n tún ṣe ọ̀sán.

Tíṣà Àgbà

Olùkọ́, ọ̀rọ̀ yín wúwo. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé wọ́n á ní ọdún kan, kò ní kúrò mọ́. Ohun tí ìjọba bá ti rí pé ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọn kì í fẹ́ fi sílẹ̀.

Oníṣirò

Ẹ kú ìjíròrò. Mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ lórí àkójọ iye ọmọ ilé-ìwé ní ìjọba ìbílẹ̀ kan rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá alága lóhùn lórí ìṣirò.

Ẹ má gbójú lé ètò ìkànìyàn. 2006 la kànìyàn kẹ́yìn. Àjọ tó ń kànìyàn ní mílíọ̀nù 9.1 ló wà l'Ékòó lápapọ̀, ìjọba Èkó ní mílíọ̀nù 17.5 ni. Alímọ̀ṣọ́ nìkan, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.28 ni àjọ náà kọ síbẹ̀, òun ló sì pọ̀ jù nínú ìjọba ìbílẹ̀ 20. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti kúrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Inú rẹ́jísítà yín ni ìṣirò tó máa ràn yín lọ́wọ́ wà.

Ẹ mú rẹ́jísítà ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ká ní ọmọ 120 ló wà ní kíláàsì kìíní lọ́dún kan, tó wá di pé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ 126 ló jókòó ní kíláàsì kejì. Ìyẹn ni pé fún gbogbo ọmọ 100 tó wà ní kíláàsì kìíní, 105 ló wà ní kíláàsì kejì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó bí ọmọ ọdún méje lójijì. Àwọn tó wọlé láti ilé-ìwé mìíràn ló ju àwọn tó kúrò lọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láti kíláàsì kejì sí ìkẹta, ìkẹta sí ìkẹrin, títí dé ìkẹfà, fún gbogbo ọdún tí ẹ bá ní, kí ẹ wá wá ìpíndọ́gba wọn. Tí ẹ bá ti mọ ìyẹn, ẹ lè mú àwọn tó wà ní kíláàsì kìíní lónìí, kí ẹ fi wọ́n rìn títí dé kíláàsì kẹfà lórí bébà.

Ohun tó ṣòro ni kíláàsì kìíní fúnra rẹ̀, nítorí àwọn tó máa wọ̀ ọ́ kò tíì sí nínú ìwé yín. Ọmọ ọdún mẹ́fà ló yẹ kó wọ kíláàsì kìíní. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ló ń gba abẹ́rẹ́ éèyi ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Tí nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ bá lè sọ iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ yẹn lọ́dún kọ̀ọ̀kan fún yín (iye nìkan, ẹ má béèrè orúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni), ẹ ti rí ọdún márùn-ún níwájú nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo wọn ló máa wá sọ́dọ̀ yín. Àwọn kan á kó lọ, àwọn kan á lọ sí aládàáni. Ṣùgbọ́n tí iye yẹn bá ń gòkè lọ́dọọdún, iye tiyín náà á gòkè.

Nǹkan mìíràn ni ilé-ìwé aládàáni tó yí yín ká. Nígbà tí ìjọba Èkó ka irú wọn jákèjádò ìpínlẹ̀ ní 2010 sí 2011, wọ́n lé ní 12,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ kékeré, inú ilé gbígbé ni wọ́n wà, owó táṣẹ́rẹ́ ni òbí ń san níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ló ń gba ẹrù tó yẹ kó wà lórí ìjọba. Tí méjì bá ti ìlẹ̀kùn ní àdúgbò yín láàárín ọdún kan náà, géètì yín ni àwọn ọmọ náà máa kàn. Ẹ bá àwọn tó ni wọ́n sọ̀rọ̀, kí ẹ bi wọ́n bí nǹkan ṣe ń lọ sí. Ẹ bá ẹgbẹ́ onílé náà sọ̀rọ̀, wọ́n mọ ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ àti iye yàrá tó wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi 35 pín in. Ká ní ó hàn pé ọmọ 210 ni yóò wà ní kíláàsì kìíní lọ́dún mẹ́ta òní. Yàrá mẹ́fà nìyẹn. Tó bá jẹ́ mẹ́ta lẹ ní, ọmọ 70 ló máa wà nínú yàrá kan. Gbólóhùn yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yín.

Alága Àyọ̀bọ̀

Oníṣirò, Ọlọ́run á bù kún un yín. Mo ti sọ fún akọ̀wé wa kó wá àwọn rẹ́jísítà àtijọ́ jáde.

Bàbá Tíṣà, ilé-ìwé mẹ́ta ló wà nínú ọgbà wa: ti Kìíní, ti Kejì, ti Kẹta. HM mẹ́ta, géètì kan. Ti Kìíní ni tiwa, òun náà ló kún. Ìgbà tí ẹ béèrè ni mo tó lọ wo ti Kẹta dáadáa. Kíláàsì ibẹ̀ kò kún. Yàrá kan wà tó jẹ́ àga tó kán nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Tíṣà Àgbà

Ohun tí mo rò náà nìyẹn. Ó wọ́pọ̀ l'Ékòó. Ilé-ìwé mẹ́ta nínú ọgbà kan ṣoṣo, olúkúlùkù ń kọ rẹ́jísítà tirẹ̀, olúkúlùkù ń gba olùkọ́ tirẹ̀. Èyí tí orúkọ rẹ̀ bá dára létí àwọn òbí ni gbogbo ènìyàn á máa rọ́ lọ. HM rẹ̀ kò ní lé wọn, nítorí iye ọmọ tó pọ̀ ń mú iyì bá a. Èkejì á dákẹ́, nítorí tó bá pariwo pé ọmọ òun kéré, wọ́n lè kó olùkọ́ rẹ̀ lọ. Báyìí ni ọmọ ṣe ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ògiri kan ṣoṣo ti yà á kúrò lọ́dọ̀ àga.

Kí ẹ tó béèrè fún bíríkì kan, ẹ ní kí àwọn HM mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó pọ̀. Tábìlì ìforúkọsílẹ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ọgbà. Ọmọ tó bá dé á lọ síbi tí àyè wà, kì í ṣe ibi tí òbí rẹ̀ nawọ́ sí. Àwọn òbí kan á bínú. Ẹ̀yin alága lẹ máa ṣàlàyé fún wọn, nítorí HM kò lè dá ṣe é. Akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé wọ́n fẹ́ gba ipò òun.

Bíríkìlà Èkó

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Ilé kíkọ́ ni iṣẹ́ mi. Ìkìlọ̀ kan ni mo ní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ.

Ilẹ̀ kò sí nínú ọgbà ilé-ìwé mọ́, nítorí náà ẹnì kan á dìde nípàdé yẹn, á ní ká gbé òkè lé ilé tó wà nílẹ̀. Ilé tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ fún ìsàlẹ̀ nìkan kò lè gbé òkè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó òbí dán an wò. Ẹ rántí Ìta Faaji, ní 13 oṣù kẹta 2019. Lókè ilé alájà ni wọ́n fi ilé-ìwé aládàáni kan sí, ilé tí wọ́n ti sàmì sí pé kí wọ́n wó. Ó wó nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Nǹkan bí 20 ènìyàn ló kú, ọmọdé sì wà nínú wọn. Mo mọ àwọn tó sáré lọ síbẹ̀ láti fọwọ́ wa ilẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ òkè, ilé tuntun ni, kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ohun èlò ìkọ́lé wò wà l'Ékòó, LASBCA tó ń ṣọ́ ilé kíkọ́ náà wà. Àtẹ̀gùn méjì tó fẹ̀, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun ilé níhìn-ín, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kejì, kí ọmọ lè rí ibi sá gbà tí iná bá sọ. Kíláàsì kìíní àti ìkejì kò gbọdọ̀ gòkè, ìsàlẹ̀ ni tiwọn. Ẹ má sì fi ilé gba gbogbo pápá ìṣeré. Ibi tí ọmọ á sá lọ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Olùkọ́ Kíláàsì Kejì

Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀.

Ẹ fi kún un: ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá pọ̀ sí i, kíláàsì là ń kọ́, ṣáláńgá kan náà là ń lò. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà ti ń bàlágà. Tí ibẹ̀ bá dọ̀tí tàbí tí kò ní ìlẹ̀kùn, ilé ni wọ́n á jókòó sí lọ́jọ́ tí ara wọn kò bá yá. Omi náà, tí kànga ẹ̀rọ bá kọṣẹ́, kò sí ohun tí ọmọ fi ń fọwọ́.

Olùkọ́ sì ńkọ́? Ẹ fi yàrá mẹ́ta kún un, ta ló máa dúró nínú rẹ̀? Ẹ ka àwọn olùkọ́ tó máa fẹ̀yìntì láàárín ọdún tí ẹ fi ṣèṣirò yẹn, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ọmọ. Ìgbanisíṣẹ́ máa ń pẹ́. Àgùnbánirọ̀ á sin ìlú fún ọdún kan, á lọ.

Àǹtí Peckham

Ẹ kú ilé o. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ibi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2010, ọmọ pọ̀ jù àyè lọ. Òfin wọn níbí kò jẹ́ kí ọmọ tó wà ní ọdún ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ju 30 lọ nínú kíláàsì, nítorí náà kánsù ní kí àwọn ilé-ìwé kan gba kíláàsì kan sí i ní ọdún kan ṣoṣo. Kíláàsì yẹn á máa gòkè lọ́dọọdún títí á fi jáde, yàrá rẹ̀ á sì ṣófo. Àwọn kan kọ́ ilé ńlá tí kò ṣeé wó. Lónìí, owó ilé ti lé àwọn òbí jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ tí wọ́n ń bí náà ti dín kù. Wọ́n ti ti ilé-ìwé pa ní Hackney, àti ní Southwark níbi tí Peckham wà.

Mo mọ̀ pé Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí mo fẹ́ kí alága béèrè ni pé: ṣé gbogbo kíláàsì ló ń kún, àbí kíláàsì kan tàbí méjì tí ọmọ aládàáni rọ́ wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni? Àkọ́kọ́ nílò ilé. Èkejì lè nílò yàrá kan àti olùkọ́ kan fún ọdún díẹ̀.

Oníṣirò

Ìbéèrè tó dára nìyẹn, Àǹtí. Rẹ́jísítà ló máa dáhùn rẹ̀. Tó bá jẹ́ kíláàsì kìíní nìkan ló ń ga sí i lọ́dọọdún, ìdàgbàsókè tó máa dúró ni. Tó bá jẹ́ pé kíláàsì kẹta àti ìkẹrin ló ṣàdédé wú lẹ́yìn 2023, tí kíláàsì kìíní kò yí padà púpọ̀, àwọn tó sá kúrò ní aládàáni ni.

Ọmọ Mushin

Ẹ ti yí mi lọ́kàn padà lórí ìṣirò. Àmọ́ ọ̀rọ̀ owó ṣì kù. Òfin UBE (òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá 2 nínú 100 owó àpò rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ìpínlẹ̀ á sì mú tirẹ̀ wá kó tó lè gba ìpín rẹ̀ nínú owó ilé kíkọ́. Owó wà. Ọgbà tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ètò ọdún yẹn ló ń rí i. Nítorí náà, alága, kí lẹ́tà yín dé kí wọ́n tó to ètò ọdún tó ń bọ̀, kó má jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fún káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́, kí ẹ ní kó fọwọ́ sí i pé òun rí i gbà.

Ìyá Ìbejì

Gbogbo èyí dára. Ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún. Àwọn tó wà níta báyìí ńkọ́? Aládùúgbò mi ní ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n dá padà ní géètì. Ó ń bá ìyá rẹ̀ ta ọ̀rá omi.

Alága Àyọ̀bọ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ ní kó mú ọmọ náà wá lọ́jọ́ Ajé, kó béèrè mi ní géètì. Mo ti bá HM ti Kẹta sọ̀rọ̀ lónìí. Ó ní òun á gba ọmọ, tí a bá lè kó àga tó kán kúrò nínú yàrá yẹn. Káfíńtà méjì wà nínú àwọn òbí wa, wọ́n ti gbà láti wá ní Sátidé. Èyí tó bá ṣeé kàn, wọ́n á kàn án.

Fún ìpàdé, nǹkan mẹ́rin ni mo máa gbé lọ: ìṣirò ọdún márùn-ún fún gbogbo ọgbà, kì í ṣe tiwa nìkan, àbá tábìlì ìforúkọsílẹ̀ kan, iye olùkọ́ tó ń fẹ̀yìntì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi. Mi ò ní dárúkọ ilé alájà títí ẹni tó mọ̀ nípa ìpìlẹ̀ á fi wá wò ó. Ọ̀rọ̀ ọ̀sán, màá sọ ọ́ bí Olùkọ́ ṣe sọ ọ́, màá sì sọ ohun tí Ìyá Ìbejì sọ, kí gbogbo ènìyàn gbọ́ méjèèjì.

Oníṣirò, ìgbà wo nínú ọdún ni kí n ka ọmọ nínú rẹ́jísítà? Iye tó wà ní oṣù kẹsàn-án yàtọ̀ sí ti oṣù kìíní.

Oníṣirò

Ẹ mú ti ìparí oṣù kẹwàá, lọ́dọọdún, ẹ má yí i padà. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn òbí ṣì ń wá owó aṣọ ilé-ìwé, ọ̀pọ̀ ọmọ kò tíì dé. Rẹ́jísítà tí wọ́n fi ń pe orúkọ láàárọ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe ìwé ìgbaniwọlé, nítorí orúkọ ọmọ tó ti kó lọ sí Ọ̀tà lè ṣì wà nínú ìyẹn. Kí iye tí ẹ bá rí sì bá èyí tí HM ń kọ sínú fọ́ọ̀mù ìkànìyàn ilé-ìwé ọlọ́dọọdún mu, nítorí ohun tí wọ́n máa fi yẹ lẹ́tà yín wò nìyẹn. Tí wọn kò bá bára mu, ẹ yanjú rẹ̀ pẹ̀lú HM kí ẹ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ẹ fi àtẹ ìṣirò náà ránṣẹ́ sí mi tí ẹ bá ti kọ ọ́, màá bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.